Áàpù, àkọtọ́ àti ọmọ tí ìwé ń ṣòro fún: àyẹ̀wò láti Adja-Ouèrè

Ọ̀rọ̀ tí bébà yìí dá lé lórí kò tíì pẹ́ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ti wọ ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn: pé kí a máa fi áàpù orí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé ń ṣòro fún, yálà etí wọn ni kò gbọ́ dáadáa, tàbí ọ̀rọ̀ ni kì í jáde lẹ́nu wọn, tàbí lẹ́tà ni kì í dúró lójú wọn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ti wí tiwọn, àwọn dókítà náà ti wí tiwọn. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni a kò tíì sọ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ èdè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n mú díẹ̀ nínú àwọn áàpù tí a mọ̀, kí n gbé wọn síwájú ọmọ kan ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau, kí n sì béèrè ohun tí áàpù náà gbà pé ọmọ yìí ti mọ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́tà kan, ìró mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara pátákó ẹ̀bá ọ̀nà. "Adja-Ouèrè" ni ìjọba kọ. Ẹni tó bá ka dj sí j, tó ka ou sí w, tó sì ka è sí ẹ ni yóò pe ìlú náà bí àwọn onílùú ṣe ń pè é. Bí ó bá dé Ikpinlè, tó wà lábẹ́ Adja-Ouèrè kan náà, yóò rí kp àti è nínú orúkọ kan ṣoṣo: kp ti Benin, è ti Faransé. Bí ó bá tún lọ sí Pobè tó múlé gbè wọ́n, ìró tí a fi kp kọ ní Ikpinlè ni a fi p lásán kọ níbẹ̀. Ará Nàìjíríà yóò kọ p sí méjèèjì, yóò sì fi àmì sísàlẹ̀ e. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1975 tí wọ́n sì ti tún ṣe lẹ́yìn náà, kp àti ɛ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń wọ CI kò mọ ìtàn yìí. Ohun tó mọ̀ ni pé p ń dún lọ́nà kan nínú "papa" tí olùkọ́ kọ sójú pátákó, ó sì ń dún bíi kp nínú áàpù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé bọ̀ láti Èkó. U tiwa kì í ṣe u ti Faransé. "Ou" ni wọ́n fi ń kọ tiwa. J tiwọn kì í ṣe j tiwa. (Faransé ni mo fi kàwé láti CI, títí di òní, bí mo bá rí u lójijì, ètè mi a kọ́kọ́ yọ síwájú.) Ọ̀pọ̀ ọmọ ń tètè to gbogbo èyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n ṣe ń ya aṣọ oko sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí Faransé ń pè ní dyslexique, síso ìró mọ́ lẹ́tà gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Òun ni a wá ń fún ní lẹ́tà kan tó ní ìró méjì, àti ìró kan tó ní ìrísí mẹ́ta.

Èyí ló fà á tí GraphoGame fi yẹ ní àyẹ̀wò ju àwọn yòókù lọ. Ní Yunifásítì Jyväskylä ní Finland ni Heikki Lyytinen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é, fún àwọn ọmọ tí ó hàn pé ìwé kíkà yóò le fún. Ọmọ á gbọ́ ìró kan létí, á wá lẹ́tà rẹ̀ láàrin àwọn tó ń já bọ́ lójú fóònù, á fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ṣì í, eré náà á dẹ̀rọ̀, á tún un sọ. Ó rọrùn, ó sì bá èdè Finland mu, nítorí pé lẹ́tà kan ìró kan ni àkọtọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkèdélẹ̀. Nígbà tí Johannes Ziegler àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Aix-Marseille fẹ́ ṣe ti Faransé, kì í ṣe ohùn nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n ní láti tún ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ rò, torí pé o, au àti eau ń dún bákan náà níbẹ̀. Wọ́n dán an wò ní Lusaka ní Zambia ní èdè Cinyanja, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2014. Àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú, pàápàá nínú kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti bá wọn ta eré náà ni èrè ti pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ àkópọ̀ iṣẹ́ yìí tí mo kà, "eré náà ṣiṣẹ́" ni wọ́n mú dání, olùkọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀.

Lójú mi, Yorùbá bá irú eré yìí mu ju Faransé lọ. Fáwẹ̀lì àìránmúpè wa kò ju méje lọ, lẹ́tà wa kì í sì í purọ́ púpọ̀. Ohun tí kò sí nínú ilé tí wọ́n kọ́ ni yàrá ìró ohùn. Bí eré náà bá ń pe ọ ní ohùn àárín nìkan, kí ni ọmọ yóò ṣe nígbà tó bá bá ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pàdé? Bí a bá sì sọ pé ọ́, ọ àti ọ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, a ti sọ fáwẹ̀lì méje di mọ́kànlélógún, ọmọ tó ń tiraka á sì sá. Ọ̀nà tó dára jù ni kí àmì ohùn ní eré tirẹ̀, ṣáájú lẹ́tà pàápàá: kí ọmọ gbọ́ ohùn, kí ó yan òkè, ìsàlẹ̀ tàbí àárín, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ Adja-Ouèrè tí etí rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ yẹn kí ó tó pé ọdún mẹ́ta.

Ìṣòro mìíràn wà tí àwọn olùkọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ kì í mẹ́nu bà. Nínú Unicode, ẹ́ kò ní ipò tirẹ̀. Ẹ ni a ń fi àmì lé lórí. Ɛ́ náà kò ní. Lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, àmì náà lè yẹ̀ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Àgbà yóò rí i, yóò fojú fò ó. Ọmọ tí lẹ́tà ń sá fún lójú kò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣe é.

A kò sì lè sọ pé kọ̀ǹpútà kò mọ̀ wá. Nínú àkójọ èdè tí Unicode ń pè ní CLDR, Yorùbá ti Benin ní ipò tirẹ̀, yo-BJ, níbi tí ẹ ti di ɛ, tí ọ di ɔ, tí ṣ sì di sh. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Mo wá wo orúkọ oṣù Disẹ́ńbà: "Ɔ̀pɛ̀" ni wọ́n kọ. Kp ti Benin dà? Fáwẹ̀lì ti kọjá ẹnubodè, kọ́ńsónáǹtì ṣì wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá gbára lé àkójọ yìí láti fi ṣe áàpù fún ọmọ Ikpinlè, àkọtọ́ mìíràn ló fi kún èyí tó wà nílẹ̀, ọmọ náà kò sì ní lè rí orúkọ ìlú rẹ̀ kọ sí i bó ti wà lójú pátákó.

Ta ni ó pè é ní aláìsàn?

Kí ọmọ tó gba áàpù, ẹnì kan ti ní láti sọ pé ó nílò rẹ̀. Láyé àtijọ́, "olódo" ni wọ́n ń pè é, tàbí wọ́n á ní orí rẹ̀ kò gba ìwé. Orúkọ tuntun, enfant à besoins spécifiques, tutù ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ìdánwò tó ń fún ọmọ ní orúkọ náà, Faransé ni. Ọmọ tó ń sọ èdè Nàgó tàbí Ọ̀họ̀rí nílé, tí kò gbọ́ Faransé rí àfi lẹ́nu olùkọ́, tó wá dákẹ́ nínú kíláàsì, kí ni a fẹ́ fi ìdákẹ́ rẹ̀ mọ̀? Abala 11 nínú òfin ilẹ̀ Benin ti 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn ní sísọ àti ní kíkọ. Òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2017 dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Òfin méjèèjì dára. Wọn kò tíì pàdé ara wọn nínú kíláàsì.

Áàpù tó ń ka àṣìṣe ń mú ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Àwọn tó lọ ilé-ẹ̀kọ́ Faransé mọ "signal", ohun tí wọ́n ń fà lé ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń ké "pìì" nígbà tí ọmọ bá pe ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé rẹ̀ kò jìnnà sí i.

Kíkọ "Yorùbá" sí ojú-ewé àkọ́kọ́ kò sì yanjú rẹ̀. Nínú àkójọ ISO, èdè Nàgó (nqg) àti Ìjè (ijj) ní àmì tiwọn, yàtọ̀ sí Yorùbá (yor). A lè jiyàn lórí bóyá èdè ni wọ́n tàbí ẹ̀ka-èdè, èmi rò pé ẹ̀ka-èdè ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ohùn ará Èkó kọ́ yóò ka àfipè Ọ̀họ̀rí sí àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ń pe iṣu ní "isu", kò sì sẹ́ni tó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nínú ìwádìí tí Nicola Pitchford ti Yunifásítì Nottingham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018, àwọn ọmọ tó ní ìṣòro ẹ̀kọ́ ní Malawi lo áàpù ìṣirò onebillion, wọ́n sì kọ́ nǹkan nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn kò yá tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn, bí ìṣòro bá sì ṣe le tó ni ìrìn ń falẹ̀ tó. Chichewa ni áàpù náà ń sọ. Èyí ni mo fẹ́ kí a rántí nígbà tí ẹnì kan bá gbé áàpù Faransé dé Adja-Ouèrè, tó ní Malawi ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Bí a bá sì fẹ́ ṣe ti ìṣirò ní Yorùbá, títúmọ̀ lásán kò tó: àwòrán tó fi mẹ́wàá àti mẹ́fà hàn kò bá ẹnu tó ń sọ mẹ́rìndínlógún mu, torí pé ogún tó dín mẹ́rin ni ẹnu ń wí.

Nípa àwọn adití, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Èdè àwọn afọwọ́sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ adití ní Benin wá láti ọwọ́ Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gánà ní 1957. StorySign tí Huawei gbé jáde ní 2018 ń ka ìwé ọmọdé fún adití, èdè ọwọ́ ti Yúróòpù ló sì ń sọ. Ọmọ Adja-Ouèrè tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Louho ní Porto-Novo kò ní lóye rẹ̀.

Fóònù tó ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ

Ibi tí mo ti ní ìrètí jù ni àwọn áàpù tó ń fi àwòrán sọ̀rọ̀, fún ọmọ tó gbọ́ èdè ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ọ́. Ó tẹ àwòrán, fóònù sọ ọ̀rọ̀ síta. LetMeTalk jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwòrán ARASAAC ló ń lò, èyí tí ìjọba Aragon ní Sípéènì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé, bí wọn kò bá ti fi ṣòwò. Àwòrán náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣàríwísí, torí fọ́ọ̀kì àti yìnyín inú rẹ̀. Ìyẹn kò tó nǹkan. Fóònù ní kámẹ́rà, ìyá ọmọ lè ya igbá àti àkàsà tirẹ̀ sí i.

Gírámà ló le. Àwòrán kan fún ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni ìlànà wọn, ó sì bá Faransé mu: apporter jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Àwa ń sọ pé "mú ìwé wá". Ìwé ló wà láàrin. Bí a bá kọ "mú wá" sábẹ́ àwòrán kan, fóònù yóò sọ pé "mú wá ìwé", èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ, yálà ní Adja-Ouèrè tàbí níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ba aṣọ jẹ́" àti "pa ilẹ̀kùn dé". Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là àti àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni à ń lò jù nínú ilé. Àwọn kan lè ní kí ẹ̀rọ máa tún ètò ọ̀rọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ jẹ́ kí "mú" dá dúró, kí "wá" dá dúró. Pẹ̀lú mú, gbé, wá àti lọ, bọ́tìnì mẹ́rin péré, ọmọ ti ní gbólóhùn mẹ́rin. Fi "fà" kún un, ó di mẹ́fà. Ètò èdè wa fúnra rẹ̀ ń dín àwòrán kù, a kò kàn tíì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn gírámà ni ọ̀wọ̀. Ọmọ Faransé ń sọ tu fún ìyá rẹ̀ àti fún ìyá àgbà rẹ̀, nítorí náà vous kì í sábà sí lójú-ewé ọmọdé. Bí a bá túmọ̀ irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀, "o" ni yóò jáde. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ará ilé kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, tí fóònù wá bá a sọ fún ìyá àgbà níwájú àlejò pé: "Fún mi lómi. Ṣé o gbọ́?" Wọn kò ní sọ pé ẹ̀rọ ló wí i. Wọ́n á ní ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé, wọ́n á sì rọra gbé fóònù náà sókè àjà. "Ẹ" gbọ́dọ̀ wà ní ojú-ewé àkọ́kọ́, kí ó tóbi ju "o" lọ, kí "ẹ jọ̀ọ́" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìkíni òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ sì ṣáájú oúnjẹ.

Ó wá ku ohùn. Ní 2023, Meta gbé ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ sísọ jáde fún èdè tó lé ní 1,100, Yorùbá wà nínú wọn. Ohùn àwọn tó ń ka Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n fi kọ́ ọ púpọ̀ jù. N kò rí ìdí tí ọmọ yóò fi máa fi ohùn oníwàásù tọrọ gààrí. Ojú-ewé àwòrán kò sì nílò ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Igba ọ̀rọ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀, ohùn ọmọdé kan láti abúlé náà gan-an ni kí ó sọ wọ́n, obìnrin fún obìnrin, ọkùnrin fún ọkùnrin. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó láti gbà wọ́n sílẹ̀ lórí fóònù, bí a bá sáà ti yan wákàtí tí ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo kò ní máa ké.