Àwọn Ayàwòrán Etí Odò Delaware àti Ipò Wọn nínú Iṣẹ́ Ọnà Amẹ́ríkà

Nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ ọnà Amẹ́ríkà, ojú ewé díẹ̀ ni a sábà máa ń fún àwọn ayàwòrán tí wọ́n tẹ̀dó sí etí odò Delaware, ní Bucks County ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, láti ọdún 1898 síwájú. Orúkọ ìlú kékeré kan, New Hope, ni a fi ń pè wọ́n, a sì máa ń fi kún un pé ayàwòrán agbègbè ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ “agbègbè” yìí dún bí àpèjúwe lásán, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìlú ńlá ni ọnà gidi ń gbé, àti pé ẹni tí ó bá jókòó sí abúlé, àwòkọ ni yóò máa ṣe.

Ó yẹ kí a yẹ ìdájọ́ náà wò, nítorí pé òtítọ́ wà nínú apá kan rẹ̀. Ní ọdún 1874 ni Monet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpàtẹ àkọ́kọ́ wọn ní Paris, níbi tí ọ̀nà tí a ń pè ní Impressionism ti gba orúkọ. Ọ̀nà náà ni pé kí ayàwòrán jáde sí gbangba, kí ó máa fi ọ̀dà tí ó mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, kí ó sì mú ìmọ́lẹ̀ wákàtí náà kí ó tó yí padà. Nígbà tí Edward Redfield fi dé Center Bridge ní 1898, ọ̀nà yìí ti lé ní ogún ọdún. Òkìkí àwọn ará New Hope kàn gidigidi ní ìpàtẹ àgbáyé ti San Francisco ní 1915, níbi tí Redfield ti ní yàrá tirẹ̀, tí Daniel Garber sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ṣáájú ni ìpàtẹ Armory Show ti fi iṣẹ́ Matisse, Picasso àti Duchamp han àwọn ará New York. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ni ọlá, wọ́n pẹ́ dé ọjà.

Síbẹ̀, ohun tí ó wà lórí aṣọ ìyàwòrán náà kù tí a kò tíì wò. Ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ni púpọ̀ nínú wọn ní àfonífojì náà. Ìpínlẹ̀ Delaware ni a bí Redfield sí ní 1869. Indiana ni a bí Garber sí ní 1880. Illinois ni a bí William Lathrop, àgbà wọn, sí. Walter Elmer Schofield jẹ́ ọmọ Philadelphia, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe ibùgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó ń wọ ọkọ̀ òkun padà wá ya òjò dídì ilẹ̀ baba rẹ̀. Òun àti Redfield ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris. Ará oko tí kò mọ ibòmíràn kọ́ ni wọ́n; wọ́n ti rí ayé kí wọ́n tó yan etí odò kan.

Redfield ni ó fi gbogbo agbára rọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n yàn yìí. Ní ìgbà òtútù, a máa gbé aṣọ ìyàwòrán ńlá, tí àwọn mìíràn fẹ̀ tó ínṣì 50 sí 56, lọ sí gbangba, a so ó mọ́ igi nítorí atẹ́gùn, a sì parí rẹ̀ ní ìdúró kan. Ìkánjú náà hàn nínú ọ̀dà, tí ó nípọn bí amọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rẹ́ ògiri. Ẹni tí ó jẹ́ pé inú Bíbélì nìkan ni ó ti mọ òjò dídì, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ohun funfun, yóò rí i pé funfun kò pọ̀ níbẹ̀: òjìji rẹ̀ dàbí aró, ibi tí oòrùn bà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí osùn tí a fọ̀ kù, ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀ dàbí eérú. Monet náà ti mọ èyí. Ìwúwo ni ti Redfield. Òjò dídì Monet fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ. Ti Redfield jókòó lé ilẹ̀ tí ó ní òkúta àti ọgbà nínú. Ní 1915, Guy Pène du Bois kọ ọ́ pé iṣẹ́ àwọn ará Pennsylvania ni ọnà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní tòótọ́. Àsọdùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣìnà pátápátá.

Àléébù ọ̀nà náà kò fara sin. Iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ kan a máa di àṣà ọwọ́. Ẹni tí ó bá rí mẹ́wàá nínú àwòrán ìgbà òtútù Redfield léra-léra yóò ti mọ ibi tí odò yóò gbé yà kí ó tó wò ó. Ó jọni lójú pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó lágbára jù, The Burning of Center Bridge ti 1923, rú òfin rẹ̀: àrá ni ó dáná sun afárá onípákó náà, inú ilé ni Redfield sì ti yà á, láti inú ìrántí.

Garber kò kánjú. Ó ń gbé ní Cuttalossa, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ogójì ọdún ó lé ní Pennsylvania Academy of the Fine Arts, ó sì ń padà sí ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta létí odò náà léra-léra. Nínú The Quarry, Evening ti 1913, tí ó wà ní mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ti Philadelphia, òkè tí a ti gé ni ó gba ojú. Egbò ni, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó dá a. Ṣùgbọ́n Garber fi ẹ̀kán ọ̀dà kékeré-kékeré hun ún bí ẹni ń hun aṣọ òfì, títí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ fi dàbí ohun tí ó ń ti inú òkúta jáde. Làálàá àwọn òṣìṣẹ́ kò jẹ ẹ́ lógún, ènìyàn sì lè bá a wí fún èyí. Ẹni tí ó bá sì pe àwòrán náà ní àwòkọ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ohun tí Garber wò kọ. Kò sí irú rẹ̀ ní Giverny.

Ní 1988, mùsíọ́mù James A. Michener ṣí ní Doylestown, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti Bucks County, ó sì gba àwọn ayàwòrán wọ̀nyí lọ́wọ́ ìgbàgbé. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá di ohun ìyangàn àdúgbò, ohùn àríwísí a máa rọlẹ̀, a sì máa yin rere àti aláìdára pọ̀. Redfield fúnra rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1947 ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwòrán rẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn jọ, ó sì dáná sun wọ́n. Àwọn tí ó yọ nínú iná náà ṣì ń dúró de ẹni tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, èyí tí ó yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Monet àti èyí tí etí odò náà tó fún.