Sàráà Kì í Ṣe Ọmọ Sadaka: Àyẹ̀wò Orísun àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kan

Ìjọba amúnisìn tẹ ìlú Kàdúná dó ní 1913, ojú irin sì gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá débẹ̀. Nítorí pé sadaka ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwọn Haúsá tí wọ́n jọ ń gbé, ó rọrùn láti gbà pé sadaka yìí ni Yorùbá yá, tí ahọ́n sì sọ ọ́ di sàráà. Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ṣoṣo, sadaqa, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ mọ́ òtítọ́, ni orísun àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìró /d/ àti /k/ wà nínú èdè Yorùbá. Kò sí ìdí tí sadaka yóò fi pàdánù wọn. Ẹ̀rí kan ni sàdáàkì, ẹ̀tọ́ tí ọkọ ń san fún ìyàwó níbi yìgì. Gbòǹgbò kan náà ni òun pẹ̀lú ti ṣẹ̀, síbẹ̀ ìró méjèèjì pé sínú rẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn ló yẹ kí a yíjú sí. Saraka ni àwọn Bambara ń pè é. Stefan Reichmuth sì ti ṣàlàyé ní 1988 pé láti inú èdè Songhay ni àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù àtijọ́ kan, bí àlùfáà, ti wọ Yorùbá. Bí sàráà bá bá wọn rìn, a jẹ́ pé ó ti wà lẹ́nu Yorùbá kí jìháádì 1804 tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlò wọn náà yàtọ̀. Haúsá ń pe owó alágbe ní sadaka. Ó tún ń pe fífa ọmọbìnrin fún ọkọ láìdíyelé ní auren sadaka. Ní ti Yorùbá, sàráà sábà máa ń nídìí: àlá burúkú, àìsàn tó lọ, ìrántí òkú. Wọn a din àkàrà tàbí mọ́sà, wọn a pín in, àwọn tó jẹ ẹ́ a sì ṣàdúrà. Ọrẹ lè parí sọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Sàráà ń retí èsì láti òkè. Ìdí nìyí tó fi sún mọ́ ẹbọ ju ẹ̀bùn lọ.

Nítorí náà, fífi sàráà túmọ̀ charity nígbà gbogbo kù díẹ̀ káàtó. Caritas ti èdè Látìn ni ìpìlẹ̀ charity, ìfẹ́ ló sì túmọ̀ sí. Ìtọrẹ-àánú ló bá a mu jù.

Àgbálọgbábọ̀ ọ̀rọ̀ ni pé sàráà kì í ṣe sadaka tí ahọ́n gé kù. Ọ̀nà tirẹ̀ ló gbà wọlé, iṣẹ́ tirẹ̀ ló sì ń ṣe.