Ẹ Jókòó Kí A Tó Wọn Àkọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra àkọ̀ ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, màá ní kó kọ́kọ́ jókòó. Àpótí kékeré ni mo ń gbé fún un, irú èyí tí àwọn ọdẹ àdúgbò ń jókòó lé lóru. Àkọ̀ tí a fẹ́ há síwájú ìbàdí lábẹ́ ẹ̀wù, kò sí èyí tí kì í dára lójú bí èèyàn bá wà ní ìdúró. Ìgbà tó bá jókòó, tí itan gbé sókè, tí ikùn sọ̀ kalẹ̀, ni a óò mọ èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Èyí tó bá gùn jù, èèkù ọ̀bẹ á máa gún un láyà, ìdí àkọ̀ á sì tẹ̀ mọ́ oríkèé itan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló gbà kọjá. Bí imú ọ̀bẹ bá yọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ṣòkòtò tó ya.

Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí a há sábẹ́ ẹ̀wù lè rò pé ìbọn ni; ìbọn kọ́ ni mò ń sọ. Èjìká ni ọdẹ ń gbé ìbọn tirẹ̀ kọ́. Ìbọn ìléwọ́ ní tirẹ̀, Òfin Ìbọn ti 1959 kò gbà kí ará ìlú mú un láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀bẹ ló ni iwájú ìbàdí nílẹ̀ wa: òun ni ọdẹ fi ń dúńbú ẹran, tó fi ń bó awọ, tó fi ń gé okùn. Ó ń fi ẹ̀wù bò ó kí igi má baà fi í kọ́, kí ẹ̀rù má sì ba èrò bó ti ń gba Ọjà'ba kọjá. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí 1829, idà kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n gbangba ni jagunjagun ń gbé idà kí ọ̀tá lè rí i. Ọ̀bẹ ọdẹ kò ní ẹni tó fẹ́ dẹ́rù bà.

Ẹnu àkọ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó lẹ́wà, èso bagaruwa ni àwọn Hausa fi ń ṣe é kó má baà rà, pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n sì fi ń rẹ ẹ́ kó pupa. Ṣùgbọ́n ó rọ̀. Bí a bá ti fa ọ̀bẹ yọ, ẹnu rẹ̀ á pa dé, ẹni tó fẹ́ dá ọ̀bẹ padà á ní láti fi ọwọ́ kejì là á. Ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti ń gé ìka. Nítorí náà awọ màlúù ni mo ń lò, màá wá fi ti ewúrẹ́ bò ó. Awọ màlúù ọ̀hún kò pọ̀ mọ́, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ ń gbà lọ. Ní 2022, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria dábàá pé kí òfin dá pọ̀nmọ́ jíjẹ dúró. N kò bá wọn dé ibẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n.

Màá rẹ awọ náà sómi títí yóò fi rọ̀, màá fi ọ̀rá wé ọ̀bẹ oníbàárà, màá tẹ awọ mọ́ ọn lára títí ìrísí rẹ̀ yóò fi hàn. Ibòji ni màá sá a sí, torí oòrùn ń mú awọ sán. Kí n tó fi ọsán rán an, màá ki tẹ́ẹ́rẹ́ awọ kẹta sáàárín etí méjèèjì, kó jẹ́ pé òun ni ojú ọ̀bẹ ń bá pàdé, kì í ṣe ọsán. Idà tó ń wó ilé ara rẹ̀ tó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́, mò ń rí i lára èyí tí wọ́n ń gbé wá fún àtúnṣe. Lẹ́yìn náà màá ki ọ̀bẹ bọ àkọ̀ tuntun náà, màá dojú rẹ̀ kodò, màá gbọ̀n ọ́n. Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ jábọ́, síbẹ̀ ọwọ́ kan gbọdọ̀ lè fà á yọ.

Àwọn kan fẹ́ kó wà gangan lábẹ́ ìdodo. N kì í gbà. Ẹ̀gbẹ́ ìdodo ni mo ń fi í sí, kí èèkù dojú kọ ìdodo, kí imú rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ itan níta. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le, màá ní kó há a síbàdí kó lọ gun àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, kó sọ̀ kalẹ̀, kó wá sọ ibi tó ti ń dùn ún. Bàbá tó bá ti yọ ikùn, màá sọ fún wọn pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí.” Àwọn mìíràn máa ń bínú, wọ́n á ní iwájú ni bàbá àwọn ń há tirẹ̀ sí. Mo fara mọ́ ìbínú wọn ju kí n ta ohun tó lè gún wọn lọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òrí díẹ̀ ni kí àwọn oníbàárà mi fi pa àkọ̀ lára, kó má dé ẹnu rẹ̀. Nígbà òjò, kí wọ́n fa ọ̀bẹ yọ bí wọ́n bá ti délé, kí wọ́n so àkọ̀ rọ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Awọ tó tutù ń mú irin dípẹtà.