Àwọn Tó Ń Ka Ilé ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí o bá jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Elephant and Castle, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí o sì forí lé Walworth Road, ilé gíga tuntun ni ojú rẹ máa bá lápá òsì. Dígí ń dán, ilé kọfí wà nísàlẹ̀, ọgbà ìtura wà láàárín. Ó rẹwà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ẹ́sítéètì Heygate wà tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1974, tí ilé inú rẹ̀ sì lé ní 1,200. Láàárín 2011 sí 2014 ni wọ́n wó o palẹ̀. Àlejò tó bá ń kọjá níbẹ̀ lónìí kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti dáná alẹ́ níbẹ̀ rí.

Àwọn kan wà nílùú náà tí wọn kò gbà kó parẹ́ bẹ́ẹ̀. Ayálégbé ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn jẹ́ aládùúgbò, àwọn olùkọ́ yunifásítì náà sì wà láàárín wọn. Ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ àtúnkọ́ lé ẹ́sítéètì kan lórí ni wọ́n ti máa ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀: ilé mélòó ló wà níbẹ̀, mélòó ni wọ́n fẹ́ kọ́, èló ni owó ilé, ta ni yóò padà wá, ta ni kò ní lè padà. London Tenants Federation, ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é ní àwòrán ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Estate Watch, tí ẹ́sítéètì tó wà lórí rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mo ti ń tẹ̀ lé iṣẹ́ irú àwọn èèyàn yìí fún ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ wọn mọ́ níbẹ̀ débi pé ó yẹ kí a jókòó wò ó fínnífínní, bí a ṣe ń wo aṣọ òkè tí ọ̀gá hun.

Lọ́ńdọ̀nù tóbi. Ìjọba ìbílẹ̀ 32 ló wà níbẹ̀, City of London, àárín ìlú àtijọ́, ló sọ ọ́ di 33, oníkálukú ló sì ní ibi tó ń kó ìwé ìbéèrè àṣẹ ìkọ́lé sí àti bó ṣe ń to tirẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo fún ẹ́sítéètì ńlá máa ń ní ìwé rẹpẹtẹ nínú: èyí tó sọ nípa atẹ́gùn, èyí tó sọ nípa òjìji tí ilé gíga máa dà sórí ilé kúkúrú, ti àdán, ti ariwo ọkọ̀. Àwòrán aláràbarà ló máa ń ṣáájú wọn, oòrùn ń ràn, ìyá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, igi ti dàgbà láìtíì gbìn ín.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í dúró nídìí àwòrán. Àtẹ kékeré kan ló máa ń wá lọ, èyí tó sábà máa ń fara pamọ́ sí àárín ìwé gígùn, níbi tí wọ́n ti kọ iye ilé, iye yàrá àti irú owó tí wọ́n máa gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye ilé tuntun, gàdàgbà ló máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́. Iye tí wọ́n fẹ́ wó ni èèyàn ní láti túlẹ̀ wá. Nígbà mìíràn yàrá ni wọ́n fi ka ìdá tó jẹ́ ti mẹ̀kúnnù, nígbà mìíràn odidi ilé ni, ìdáhùn méjèèjì kì í sì bára mu. Akalé tó mọṣẹ́ á ka ọ̀nà méjèèjì, á kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà lè gba ogún ọdún, pé ìpele ìpele ni wọ́n máa kọ́ ọ, pé àtúnṣe máa wọlé lọ́dún kẹta tàbí ìkeje ní ìwé kúkúrú tí aládùúgbò kankan kò ní rí, àyàfi ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni orí ọ̀rọ̀ kan, affordable. Ilé tí apá ẹni ká ni ìtumọ̀ rẹ̀. Apá ta ni? Láti 2011 ni ìjọba ti fàyè gba irú ilé kan tí owó rẹ̀ lè tó ìdá 80 nínú 100 ohun tí wọ́n ń gbà lọ́jà. Ìdá 80 owó ọjà Lọ́ńdọ̀nù! Ẹni tó ń san owó ilé káńsù ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní social rent, kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ilé tí èèyàn ra apá kan nínú rẹ̀, tó sì ń sanwó oṣù lórí apá tó kù, abẹ́ orúkọ yìí kan náà ló wà. Bí ìwé kan bá wá sọ pé ìdá báyìí nínú ilé tuntun jẹ́ affordable, àwọn akalé á dà á sórí àtẹ bí ẹ̀wà, wọ́n á sì máa ṣà á: social rent lọ́tọ̀, ti ìdá 80 lọ́tọ̀, ti àràpín lọ́tọ̀. Ó ń gba àsìkò. Ó ń gba ojú.

Ohun tí ìṣà yìí lè fi hàn wà nínú ìròyìn tí London Assembly, ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, gbé jáde lóṣù Kejì 2015, lórí ẹ́sítéètì 50 tó gba àṣẹ àtúnkọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá. Ilé tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀ jẹ́ 34,213, èyí tí yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn àtúnkọ́ sì jẹ́ 67,601. Ẹni tó bá ka ibi tí mo dé yìí á pàtẹ́wọ́. Kó tún ka ìlà kejì: ilé social rent inú wọn yóò lọ sílẹ̀ láti 30,431 sí 22,135. Ilé mẹ̀kúnnù 8,296 ló dín. Nínú ìlú tí orúkọ àwọn tó ń wá ilé káńsù gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, tiwọn sì ń dín kù. Láìsí ẹni tó ya ìlà méjèèjì sọ́tọ̀, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni à bá máa gbọ́.

Ní Heygate, ẹgbẹ́ kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 35% Campaign ló ṣe iṣẹ́ yìí. Ìlànà káńsù Southwark fúnra rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni Heygate, ni wọ́n mú orúkọ náà nínú, èyí tó ní ìdá 35 nínú ilé tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ affordable. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ ni pé nínú ilé tuntun 2,535, 79 péré ló máa jẹ́ social rent. Lẹ́yìn náà ó di 82 nínú 2,704. Ẹlòmíràn á ní kí ni mẹ́ta já mọ́. Àwọn yìí tún un kọ, nítorí pé ìdílé mẹ́ta ni mẹ́ta.

Akọ́létà ní èrè òun kò ní lè gbé ìdá 35, ó sì ní ìwé ìṣirò tó fi gbè é lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n àṣírí ni ìwé náà. Ẹnì kan tó ti ní fúláàtì ní Heygate béèrè rẹ̀ lábẹ́ òfin tó fún ará ìlú láyè láti rí ìwé ìjọba. Ó di ẹjọ́. Ní 2014, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní kí wọ́n fi púpọ̀ nínú rẹ̀ hàn. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, àdéhùn títà ilẹ̀ náà jáde pẹ̀lú ọ̀dà dúdú lórí àwọn ibi tí owó wà, àmọ́ bí èèyàn bá da ọ̀rọ̀ náà kọ sójú ewé mìíràn lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀dà á ṣí, £50 mílíọ̀nù á yọjú. Ẹni tí kò fi sùúrù wo ìwé náà ojú ewé sí ojú ewé kò lè rí irú rẹ̀.

Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà nípa Heygate wá ni n kì í lè wò kí n tètè gbé sílẹ̀. Káńsù ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé àdúgbò wo ni àwọn èèyàn yẹn kó lọ, wọ́n sì fi ìdáhùn náà ya àwòrán méjì. Lórí ti ayálégbé, púpọ̀ ṣì wà ní Southwark, àmọ́ wọ́n ti fọ́n ká. Lórí ti àwọn tó ti ra fúláàtì wọn, àmì náà jìnnà gan-an, ó dé Sidcup, ó dé Croydon, ó jáde kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù dé Slough. Òye ohun tó fà á kò le: owó tí wọ́n san fún fúláàtì àtijọ́ kò lè ra òmíràn nítòsí. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí àwòrán náà. Àmì lásán ni, síbẹ̀ mo máa ń rí ìyá àgbà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta padà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà ìwádìí yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa rí, láti Lọ́ńdọ̀nù kan náà. Ní 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tó ń ṣiṣẹ́ ní Institute of Community Studies ní Bethnal Green, wá sí Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó bá àwọn tó ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó sọ̀rọ̀, ó tún lọ bá àwọn tí wọ́n ti kó dé Sùúrùlérè, ó sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, jáde ní 1961. Ilé tuntun dára, ó ní yàrá tó mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń tajà pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ sọ àbẹ̀wò ẹbí di ohun tí wọ́n ń ṣírò kí wọ́n tó jáde, ẹ̀gbọ́n tó máa ń bá àbúrò jẹun lójoojúmọ́ kò rí i mọ́ fún ọ̀sẹ̀. Ohun tí Marris mọ̀ ni pé èèyàn kò lè ka àtúnkọ́ parí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ó ní láti tọ àwọn tó lọ dé ibi tí wọ́n lọ.

Ọmọ wa sì pọ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí mo ń sọ yìí. Ìwádìí tí yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, púpọ̀ nínú wọn ní etí Old Kent Road, nínú ilé ìkẹ́rù tí wọ́n sọ di ilé Ọlọ́run. Etí ọ̀nà yẹn náà ni káńsù ti fẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé 20,000. Mo rò pé ó yẹ kí àtẹ àwọn akalé fẹ̀ sí i láti gba irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ìjọ bá kúrò, àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ládùúgbò.

Láti oṣù Keje 2018, àtúnkọ́ tó máa wó ilé mẹ̀kúnnù, tó sì máa kọ́ ilé 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè rí owó Mayor Lọ́ńdọ̀nù gbà àfi bí àwọn ará ẹ́sítéètì bá kọ́kọ́ dìbò gbà á. Ìbò náà ti di ohun kan sí i láti máa ṣọ́: ìlérí tí wọ́n ṣe kó tó wáyé, àti èyí tó kù nínú ìlérí náà ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku Aylesbury, ẹ́sítéètì mìíràn tí kò jìnnà sí Heygate. 1977 ni wọ́n parí rẹ̀, ilé bíi 2,700. Ibẹ̀ ni Tony Blair ti sọ̀rọ̀ ní 1997, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìjọba Bírítéènì. Ní 2016, mínísítà kọ̀ láti fọwọ́ sí fífi ipá ra fúláàtì àwọn tó kù níbẹ̀, ó mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ wọn sí ilé àti bó ṣe máa kan àwọn ẹ̀yà tó kéré. Lẹ́yìn náà ìpinnu yí padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlà Aylesbury ti ń gùn nínú àtẹ àwọn akalé, ilé kan wó, ilé kan dúró.

Mo ti dúró ní Thurlow Street, ní Aylesbury yìí, nírọ̀lẹ́ kan, mo gbìyànjú láti ka ilé bí wọ́n ṣe ń kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo ń lọ sí ọ̀tún. Fèrèsé tó ní kọ́tìnì àti iná, mo kà á sí ọwọ́ kan. Èyí tí wọ́n fi irin dí, mo kà á sí ọwọ́ kejì. Nígbà tí mo dé àjà kẹta, iná kan kú, òmíràn tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.