Ìlà Tẹ́ẹ́rẹ́ Inú Àwòrán Iná

Nínú gbogbo àmì tí à ń fi sórí àwòrán iná ìtàgé, ìyẹn àwòrán tó ń fi ibi tí a ó so iná kọ̀ọ̀kan sí hàn, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fà sínú àmì iná PAR 64, tó ń sọ bí gílóòbù rẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀. Mo ka ìlà yẹn sí ọ̀wọ̀ fún ẹni tó máa gun àkàbà.

PAR 64 ni iná alágolo tí wọ́n máa ń so lọ́pọ̀ yanturu sókè níbi tí olórin bá ti ń ṣeré. Ìbú gílóòbù rẹ̀ ni 64 ń tọ́ka sí: ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì ni wọ́n fi kà á, ìyẹn íǹṣì 8. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe roboto. Ó gùn bí ẹyin. Gílóòbù tí wọ́n ń pè ní MFL, bí àpẹẹrẹ, ń fẹ̀ tó dígírì 12 ní apá kan, ó sì ń fẹ̀ tó 28 ní apá kejì. Bí ó bá wà lókè ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tó dojú kọ ilẹ̀ tààrà, ibi tó máa tàn sí á fẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4, á sì gùn ní nǹkan bí 10.

Ká ní ìtàgé wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 40. Bí gígùn ìmọ́lẹ̀ bá dábùú ìtàgé, iná mẹ́rin lè kárí ìbú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òǹwòran ni gígùn yẹn kọjú sí, mẹ́wàá la máa nílò, ká má tíì ka ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan á ti wọ inú èkejì. Méjèèjì ló ní ìgbà tiwọn. Òṣèré tó ń rìn bọ̀ tààrà wá síwájú nílò ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tóóró. Oníjó tí a tan iná sí láti ẹ̀gbẹ́ nílò ìmọ́lẹ̀ tó dúró lóòró, kó lè kárí i láti ẹsẹ̀ dé orí.

Ọwọ́ la fi ń yí gílóòbù náà, láti ẹ̀yìn agolo, nígbà tí iná ń tàn tí a sì ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yí. Agolo yẹn á ti gbóná janjan, ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ tó wà lókè kò sì ráyè àròyé. Ó yẹ kí àwòrán ti sọ fún un.

Orí kọ̀ǹpútà ni fífa ìlà yìí ti wá gba làákàyè, torí yíyí méjì ló wà níbẹ̀. Agolo ní ibi tó kọjú sí. Gílóòbù inú rẹ̀ ní bó ṣe dùbúlẹ̀. Bí mo bá yí àmì agolo, ìlà inú rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣeé yí lọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí Vectorworks Spotlight, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán iná, fi ya igun gílóòbù sọ́tọ̀. USITT, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìtàgé ní Amẹ́ríkà, náà kà á mọ́ ohun tó yẹ kí àmì iná sọ.

Ní tèmi, ìlà tó dábùú agolo ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ á fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ìlà tó bá gígùn agolo lọ ń sọ pé á gùn sókè sódò. Mo máa ń kọ èyí sínú àlàyé àmì, torí ẹlòmíì lè máa lò ó lódìkejì. Mo sì máa ń mú kí ìlà náà nípọn díẹ̀: bí a bá tẹ àwòrán ní ìwọ̀n 1:50, gbogbo ìbú agolo yẹn kò ju nǹkan bíi mílímítà 5 lọ.

Àwọn kan gbà pé iná LED ti mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò nílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára iná tí wọ́n ń pè ní Source Four PAR, lẹ́ǹsì iwájú là ń yí dípò gílóòbù, ọ̀pọ̀ iná LED ló sì ń lo lẹ́ǹsì tó ń na ìmọ́lẹ̀. Níbikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti gùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pinnu apá tí gígùn rẹ̀ á wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kẹ́ ẹ tó tẹ àwòrán yín jáde, ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa eré náà. Ẹ ní kó sọ bí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ṣe dùbúlẹ̀. Bó bá ṣì ní láti bi yín, iṣẹ́ ò tíì parí.