Rọ́bà Létí Bàbá

Nǹkan tí mo kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ Bàbá, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Booysens, ní Johannesburg níhìn-ín, kì í ṣe sípánà. Rọ́bà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń fa epo nínú táǹkì. Ó ki orí kan bọ etí, ó ki ìkejì bọ ọ̀fun kábúrẹ́tọ̀ Alfa Romeo GTA ọdún 1965, ó sì dijú.

Mo ti ń tú kábúrẹ́tọ̀ láti Mushin l'Èkó wá, mo ní mo ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n etí òkun l'Èkó wà. Ibí ga tó 1,750 mítà, afẹ́fẹ́ ibí fẹ́lẹ́. Epo tó tó mọ́tò l'Èkó, àpọ̀jù ni níbí: èéfín á dúdú, púlọ́ọ̀gì á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ fi jẹ́ẹ̀tì tó kéré sí i, ó parí.

Etí ló le. Kábúrẹ́tọ̀ Weber méjì, ọ̀fun mẹ́rin, sílíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Bí tọ̀hún bá ń mí líle ju tìhín lọ, ọ̀kan ń jẹ àjẹyó, ebi ń pa èkejì. Síkúrù kékeré tó so wọ́n pọ̀ ni Bàbá á yí, bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹyin, á tún gbọ́. Rọ́bà gbọ́dọ̀ wọlé dé ibì kan náà nínú ọ̀fun kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á purọ́. Òwú pupa ló so mọ́ tirẹ̀ láti fi sàmì. Lẹ́yìn náà ni á fún un níná díẹ̀, á tún gbọ́, torí èyí tó dọ́gba nígbà tí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́ lè má dọ́gba lórí eré.

Mo ti rí ẹni tó yọ Weber méjèèjì dànù, tó fi nǹkan oníwáyà àti kọ̀ǹpútà rọ́pò wọn, tó ní GTA lòun ṣì ń wà. Ẹ gbà mí!

Bí Bàbá bá ti dijú báyìí, Kyalami, pápá eré mọ́tò, ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ. Ọjọ́ 2 oṣù Kínní ọdún 1967: John Love, ará Rhodesia, gbé Cooper onísílíńdà mẹ́rin, lítà 2.7, ṣáájú àwọn onílítà mẹ́ta. Nígbà tó ku láàpù méje kí eré parí, ó yà wá bu epo. Pedro Rodriguez kọjá lára rẹ̀. "Epo ni o," Bàbá á ní, "ẹ́ńjìnì ò jẹ̀bi."

Lọ́dún tó kọjá ó gbé rọ́bà náà lé mi lọ́wọ́, ó ní etí òun ń lọ.

"Kí ló ń wí?"

"Bàbá, ti ẹ̀yìn lebi ń pa."

Ó na síkúrùdiráfà sí mi.