Ojú Ọnà Nínú Ìwé Àbẹ̀wò Akẹ́kọ̀ọ́ Kan

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà gbé ìwé méjì wá bá wa. Èkíní jẹ́ ìwé àwòrán tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, ọmọbìnrin tí ó wà ní ọdún àṣekágbá, fi ń ya ohun tí ó bá rí. Èkejì jẹ́ ìwé àbẹ̀wò, nínú èyí tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ èrò rẹ̀ nípa àwọn iṣẹ́ ọnà tí ó lọ wò ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Èkó. Ohun tí ẹlẹgbẹ́ wa ń fẹ́ kò ju pé kí a bá òun yẹ àkọtọ́ àwọn orúkọ Yorùbá inú rẹ̀ wò. A yẹ̀ wọ́n wò, wọn kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ka ìwé náà lọ ni a rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àkọtọ́ lọ, ó sì kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n.

Kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn, ó yẹ kí a sọ pé ọwọ́ ọmọ náà dára. Ní Ilé-Ifẹ̀, ó ya ọ̀kan nínú irú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó yà á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti mọ bí àwọn ilà wẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ojú náà ṣe ń tẹ̀ lé ìrísí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò fà wọ́n gbọọrọ bí ẹni ń fi rúlà fà á mọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọnà gidi ni èyí, nítorí pé ó jọ ènìyàn. A kò bá a jà lórí èyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dojú rú ni Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkàn, l'Ékòó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957.

Ère ìbejì kan ni ó yà níbẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó fi kan ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ó ní orí ère náà ti tóbi jù fún ara rẹ̀. Ó ní ọmọdé ni wọ́n pè é, síbẹ̀ ó ní ọmú bí àgbàlagbà. Ó ní agbẹ́gilére náà kò parí ojú àti imú, bóyá iṣẹ́ sú u ni. Ó wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé èyí fi hàn pé àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ kò mọ ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ẹ̀sùn kẹta, nítorí pé àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà ni ó já a nírọ́. Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tí ó wà nídìí ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì láti 1947 sí 1954, ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gilére ń tẹ̀ lé: ọnà lílé, alétúnlé, dídán àti fínfín. Ní Ọyẹ́ yìí ni George Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì, ti ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ lọ kọ́ṣẹ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n ti bí i ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí baba rẹ̀ sì ti kọ́ ọ. Fínfín ni ó kẹ́yìn. Ìgbà náà ni ọ̀bẹ ń fa ilà wẹ́wẹ́ sí irun, sí ojú àti sí etí aṣọ. Nínú àwòrán ọmọ yìí, irun tí ó wà ní ìpàkọ́ ère náà hàn kedere, ilà rẹ̀ kò sì pa rẹ́. Ẹni tí ó fín irun báyẹn ti dé ìpele kẹrin. Báwo ni yóò ṣe fi ojú sílẹ̀?

Kò fi í sílẹ̀. Ìyá ọmọ ni ó wẹ ère náà títí ojú fi lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá a máa tọ́jú ère náà bí ọmọ: a máa wẹ̀ ẹ́, a máa kun ún ní osùn, a máa fi oúnjẹ kan án lẹ́nu. Ojú ni ọwọ́ ń dé jù lọ, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ dán títí tí imú yóò fi rẹlẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa pè ní àìparí iṣẹ́, ọwọ́ ìyá ni, fún ọdún gbọọrọ. Ara ère náà ni ó wà, ṣùgbọ́n káàdì tí wọ́n lẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe dà á kọ, kò sọ ju orúkọ àti igi lọ.

Ẹ̀sùn méjì yòókù kò le. Nínú ère wa, orí a máa kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gíga gbogbo ara, nítorí pé orí ni olórí ara. Ìwọ̀n ni èyí, kì í ṣe àìmọ ìwọ̀n. Ní ti ọmú, Robert Farris Thompson, tí ó bẹ àwọn ará ìlú lọ́wẹ̀ láti ṣe ìdájọ́ ère ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, gbé ohun tí ó gbọ́ jáde ní 1973. Lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó kó jọ ni jíjora, ìfarahàn, dídán, gígún àti ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ ni pé kí a gbẹ́ ènìyàn sí ìgbà tí agbára rẹ̀ kún, ìbáà jẹ́ ìkókó ni, ìbáà jẹ́ arúgbó. Jíjora sì ni pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ó má jọ ọ́ jù, kí ó má sì ṣàìjọ ọ́. Orí Ifẹ̀ àti ère ìbejì wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà. Rowland Abíọ́dún ti ń tẹnu mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì tún fi odidi ìwé kan sọ ọ́ ní 2014, pé ẹni tí kò bá gbọ́ èdè kò lè wo ọnà Yorùbá dé ibi tí ó jinlẹ̀. Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá dáadáa. Èdè Yorùbá tí ọ̀rọ̀ ọnà wà nínú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi kọ́ ọ.

Irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni ó ba iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti lọ wo àdìrẹ ní ilé àfihàn Níkẹ̀ ní Lẹ́kí, ó ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́rin. Ó sè ẹ̀kọ, ó fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sára aṣọ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Aró kò mu èkíní àti èkejì tó. Ó jọ pé ó kánjú, kò rì wọ́n bọ ìkòkò léraléra. Ẹ̀kẹrin kún jù, kò sí ibi tí ojú lè sinmi sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta dùn ún wò! Ó to ọkọ̀ dánfó sí ìlà sí ìlà, ó sì ya ọwọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ sí àárín wọn. Ohun tí àwọn obìnrin Ìbàdàn ṣe gẹ́lẹ́ nìyí nígbà tí wọ́n mú àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, tí wọ́n sì ya ṣíbí sí àárín wọn, tí wọ́n pe aṣọ náà ní Ìbàdàn Dùn. Ọmọ yìí ti bọ́ sí ọ̀nà wọn láìmọ̀. Orúkọ tí ó wá fún àwọn aṣọ tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó túmọ̀ sí ìrẹ́pọ̀, láti ọ̀kan dé mẹ́rin. Ta ni yóò ra ìrẹ́pọ̀ kẹta lọ́jà?

Ẹ̀bi tiwa kò kéré níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi kọ́ àṣà ní ilé ìwé, tí a ń ní kí àwọn ọmọ ka irin iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà márùn-ún fún wa. Wọn a dárúkọ àáké, ìfági àti òòlù, a ó sì fún wọn ní máàkì. A kò gbé ère kan ka iwájú wọn rí kí a ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ bóyá ó dára àti ìdí tí ó fi dára. Bí a bá ń kọ́ wọn ní ewì, a ń ṣe bẹ́ẹ̀. Igi àti aṣọ ni a fi sílẹ̀ fún olùkọ́ ọnà, olùkọ́ ọnà sì ń lo ìwé tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

A fi Yorùbá kọ gbogbo èyí sí etí ìwé náà, a sì dá a padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà wá kí wa nílé. Ó ti padà lọ sí Oníkàn. Nínú àwòrán tuntun, ó fa irun ìpàkọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rọra fi pẹ́ńsù pa ojú rẹ̀ débi tí imú fẹ́rẹ̀ má hàn. A bi í pé kí ni yóò pe aṣọ kẹta báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Wọlé Pẹ̀lú Ṣéńjì ni, sà.” Ó tún fi Yorùbá kọ ojú ewé méjì nípa ère ìbejì náà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gba ohun tí a kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, nítorí náà ẹ̀yìn ìwé ni ó lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí wọn kò ti ní fún un ní máàkì.